Ojú Wa Kì í Ṣe Ìwé Àlejò

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo dé ilé alájà mẹ́ta tí mo ti háyà yàrá kan fún iṣẹ́ ìwé kíkọ ní Bódìjà, mo sì rí i pé wọ́n ti kó ìwé ńlá tí gbogbo wa máa ń fọwọ́ sí kúrò lórí tábìlì ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan, tí kò tóbi ju àwo ọbẹ̀ lọ, ni wọ́n kàn mọ́ ògiri. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó tì í, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé itan. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibí, ẹ má ṣẹ́jú." Mo wò ó. Iná pupa tàn, ó di àwọ̀ ewé, ilẹ̀kùn ṣí. Mo ti gun àtẹ̀gùn dé àjà kejì kí n tó bi ara mi léèrè ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ọmọ náà.

Iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe kò jẹ́ kí n lè jókòó. Mo padà sísàlẹ̀. Ta ló ni ẹ̀rọ yìí? Onílé ló rà á, sà. Níbo ni ojú mi wà báyìí? Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sà. Íntánẹ́ẹ̀tì ti ta ni? Ó rẹ́rìn-ín. Bí mo bá kó kúrò níbí lọ́dún tó ń bọ̀, ta ni yóò pa á rẹ́? Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní wọn kò tíì kọ́ òun ní ìyẹn. N kò bínú sí i. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Òfin ni mo ń bá wí, àti àwọn tí a dìbò yàn láti ṣe é.

Bí olè bá jí káàdì ATM mi, báńkì yóò fún mi ní òmíràn. Bí ẹnìkan bá mọ nọ́ńbà àṣírí mi, n ó yí i padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí kọ́kọ́rọ́ mi bá sọnù, àwọn tó ń gé kọ́kọ́rọ́ wà nígboro. Ojú ńkọ́? Ojú tí Ọlọ́run fi dá mi ni n ó gbé dé sàréè. Ẹ̀rọ náà kò sì tọ́jú fọ́tò lásán. Ó ń wo ìrísí imú, ẹyinjú àti àgbọ̀n, ó ń sọ gbogbo rẹ̀ di òǹkà, òǹkà náà ló sì ń pa mọ́. Ẹni tí òǹkà yẹn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi ṣà mí jáde nínú àwòrán èrò tó ń tú ká ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí, tàbí níbi ìwọ́de, kí n má sì mọ̀ láéláé.

Àwa Yorùbá mọ ohun tí àmì ojú jẹ́. Ẹni tó bá kọ àbàjà tàbí pélé, a ti mọ agbo ilé tó ti wá kí ó tó lanu. Àgbàlagbà ló kọ ọ́ fún un. Ẹnikẹ́ni kò bi ọmọ. Nígbà tó yá, a ní ó tó gẹ́ẹ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti kọ àmì sára ọmọ, Ọ̀yọ́ náà sì gbé òfin ẹ̀tọ́ ọmọ kalẹ̀ ní tirẹ̀. A ti gbà lábẹ́ òfin, nígbà náà, pé ojú ènìyàn kì í ṣe ibi tí ẹlòmíràn ń kọ nǹkan sí láìgba àṣẹ. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ ń kọ ilà tí dígí kò lè fi hàn, a sì dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ilé kan ní Bódìjà. Ẹ wọ báńkì ní Dùgbẹ̀, ẹ wọ ilé ìtajà ńlá ní Ring Road, ẹ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì ní Challenge, kámẹ́rà ń wò yín. Èmi kò sọ pé gbogbo kámẹ́rà ló ń fi ojú dá ènìyàn mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ju kí wọ́n ya àwòrán lọ. Òmíràn kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n kàn gbé e kọ́ láti dẹ́rù ba olè ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọjá kò lè mọ èwo ni èwo, kò sì sí àkọlé lára ògiri tó sọ fún un. Lórí fóònù, áàpù tí ẹ fẹ́ fi ṣí àkáǹtì á ní kí ẹ yí ojú sọ́tùn-ún, kí ẹ yí i sósì, kí ẹ ṣẹ́jú, kí ẹ rẹ́rìn-ín. A ti ń ṣe irú rẹ̀ bọ̀ láti ìgbà BVN ní 2014. A ṣe é fún NIN. A ṣe é níwájú BVAS nígbà ìdìbò 2023. Ó ti mọ́ wa lára débi pé ẹni tó bá béèrè ìdí ni wọ́n ń wò bí oníjọ̀ngbọ̀n.

Kì í sì í ṣe pé a kò ní òfin. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà. Òfin tó dára ni, mo ti kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó ka ojú àti ìtẹ̀ka, nígbà tí a bá ń lò wọ́n láti dá ènìyàn mọ̀, mọ́ ìsọfúnni ẹlẹgẹ́ tí a kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ó ní dídákẹ́ ènìyàn kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ó ní ẹni tó gba ìsọfúnni ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé òun gba àṣẹ. Ó ní bí ìsọfúnni bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ lọ́nà tó lè ṣe àwọn tó ni ín ní ibi, kí ilé-iṣẹ́ náà fi tó àjọ NDPC tó ń bójú tó òfin yìí létí láàárín wákàtí 72. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó bá ṣẹ̀ lè san ₦10 mílíọ̀nù tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún tó ṣáájú, èyí tó bá pọ̀ jù. Àjọ náà kò sì káwọ́ gbera: ní oṣù keje 2025, ó bu ìtanràn tó lé ní ₦766 mílíọ̀nù lé MultiChoice, àwọn tó ni DStv.

Àléébù rẹ̀ wà ní abala 51. Ibẹ̀ ni òfin náà ti sọ pé ẹni tí ó bá fara pa, tí ó pàdánù nǹkan, tàbí tí ibi kan bá dé bá nítorí pé wọ́n rú òfin náà, lè lọ sí kóòtù láti gba owó gbà-máà-bínú. Ẹ tún un kà. Ibi gbọ́dọ̀ ti dé bá a ná. Kí ni ó dé bá mi ní Bódìjà? N kò ṣẹ̀jẹ̀, owó mi kò dín, iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá dé iwájú adájọ́ lónìí, ìbéèrè tí agbẹjọ́rò onílé yóò kọ́kọ́ bi mí ni pé kí ni wọ́n fi ṣe mí, n kò sì ní ní èsì. Bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ń ti ara ojú tó sọnù wá kì í dé lọ́jọ́ kan náà. Ó lè di ọdún mẹ́wàá. Ó lè jẹ́ ọmọ mi ni yóò jìyà rẹ̀, níbi tí wọ́n bá ti fi ojú rẹ̀ tọrọ owó tí kò mọ nǹkan nípa rẹ̀. Ta ni yóò rántí ẹ̀rọ kékeré tó wà lára ògiri ní Bódìjà nígbà náà?

Òótọ́ ni pé mo lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí NDPC ní Àbújá. Òótọ́ ni pé abala 37 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, mo sì lè gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ring Road. Ẹ wá bá mi wá akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Agbowó, tí oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ gààrí ní òpin oṣù, tí yóò gba lọ́yà nítorí pé ẹ̀rọ kan wo ojú òun.

A sì ti rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjọba nìkan bá ní ìbínú lọ́wọ́. Ẹ rántí àwọn áàpù ayánilówó. Ẹni tó bá yá ₦5,000 tí kò tètè san án, wọ́n á mú fọ́tò tí òun fúnra rẹ̀ yà fún wọn, wọ́n á kọ "olè" sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, àna rẹ̀, pásítọ̀ rẹ̀, gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù náà. Ní 2021, àjọ NITDA bu ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù lé Soko Loan lórí ọ̀rọ̀ títú àṣírí àwọn ayáwó. Ní oṣù kẹta 2022, àjọ FCCPC kó àwọn agbófinró wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó ní Ìkẹjà. A pàtẹ́wọ́, ó yẹ kí a pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìtanràn, ti ìjọba ni. Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ kì í rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2024 ẹ̀wẹ̀, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative kéde pé àwọn ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń ta ìsọfúnni NIN ọmọ Nàìjíríà ní ₦100. NIMC ní ẹnikẹ́ni kò ráyè wọ inú àpótí tàwọn. Ó dára. Ẹ̀yin tí wọ́n ta ìsọfúnni yín ní iye tí kò ra búrẹ́dì, ta lẹ bá ṣẹjọ́?

Ibì kan wà tí wọ́n ti ṣe é lọ́nà mìíràn, ìpínlẹ̀ ni, kì í ṣe orílẹ̀-èdè: Illinois ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìlú Chicago wà. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Pay By Touch gbé ẹ̀rọ sí àwọn ilé ìtajà. Oníbàárà á tẹ ìka mọ́ ọn, owó ọjà á sì kúrò ní àkáǹtì rẹ̀. Ní ìparí 2007, ilé-iṣẹ́ náà wọko gbèsè. Nígbà tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n lè tà láti fi san gbèsè, àwọn ará Illinois bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé: ìtẹ̀ka wa ńkọ́? Ṣé ó ti di ẹrù bí àga àti tábìlì, tí ẹni tó bá lówó lè rà? Ní 2008, àwọn aṣòfin wọn ṣe òfin kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí BIPA. Kò gùn. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba ojú tàbí ìtẹ̀ka ènìyàn sọ fún un nínú ìwé, kí ó sọ ohun tí òun fẹ́ fi ṣe àti ìgbà tí òun yóò pa á rẹ́, kí ẹni náà fọwọ́ sí i, kí wọ́n má sì tà á. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí kò sí nínú tiwa: ẹni tí wọ́n bá rú òfin yìí sí lè pe ẹjọ́ fúnra rẹ̀, yóò sì gba $1,000 bí ó bá jẹ́ àìbìkítà, $5,000 bí ó bá jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe.

Ó pẹ́ kí òfin náà tó jí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan lọ ṣeré ní ọgbà ìgbafẹ́ Six Flags, wọ́n gba ìtẹ̀ka àtàńpàkò rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì pe ẹjọ́. Ilé-iṣẹ́ náà béèrè ìbéèrè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: kí ni wọ́n fi ṣe ọmọ náà? Ní oṣù kìíní 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Illinois dáhùn pé rírú ẹ̀tọ́ náà gan-an ni ibi tí wọ́n ṣe é. Kò pọn dandan kí ó dúró títí omi yóò fi kọjá orí. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń gbọ́ èdè. Facebook, tó ń fi ẹ̀rọ dá ojú àwọn ènìyàn mọ̀ nínú fọ́tò láìgba ìyọ̀ǹda, gbà láti san $650 mílíọ̀nù, adájọ́ sì fọwọ́ sí i ní 2021. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún dọ́là tó dé ọwọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan nínú àwọn tó béèrè, àwọn olùkọ́, awakọ̀, ìyá ilé. Ní oṣù kọkànlá 2021 kan náà, Facebook kéde pé òun yóò pa òǹkà ojú àwọn ènìyàn tó lé ní bílíọ̀nù kan rẹ́.

Ẹ fi Texas wé e. Wọ́n ní òfin ojú àti ìtẹ̀ka níbẹ̀ láti 2009, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ nìkan ló lè pe ẹjọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó di 2022 kí ó tó pe Facebook. Owó tí wọ́n gbà ní 2024 pọ̀ lóòótọ́, $1.4 bílíọ̀nù, ó sì wọ àpò ìpínlẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá ni òfin náà fi sùn kí ẹni kan ṣoṣo tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tó jí. Tiwa jọ ti Texas ju ti Illinois lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn oníṣòwò yóò sọ, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu onílé mi. Wọ́n á ní ààbò ni. Ajínigbé pọ̀, gbájú-ẹ̀ pọ̀, ìwé àlejò kò dá ẹnikẹ́ni dúró, nítorí ẹni tó fẹ́ jalè á kọ orúkọ tó wù ú síbẹ̀. Òótọ́ ni. Èmi náà ń gbé ìlú yìí, mo ń ti ilẹ̀kùn mi lálẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹ̀rọ náà ń kó jọ dáadáa: ojú gbogbo ẹni tó ń wọlé, orúkọ wọn, aago tí wọ́n dé, aago tí wọ́n kúrò, ọjọ́ dé ọjọ́. Kí ni ajínigbé tún ń wá? Ìwé àlejò wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀ṣọ́, ẹni tó bá fẹ́ jí i gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wá. Èyí wà lórí kọ̀ǹpútà tí ọmọdékùnrin kan ń gbé kiri nínú ọkọ̀ Micra. Bí ó bá jẹ́ ààbò ni ẹ ń wá, ẹ dáàbò bo ìyẹn ná.

Wọ́n á tún ní òfin yóò pa òwò kékeré. Ìyá tó ń ta ata ní ọjà Bódìjà kò ní ẹ̀rọ ìdánimọ̀-ojú, òfin yìí kò sì kàn án. Ẹni tó bá lágbára láti ra ẹ̀rọ náà lágbára láti tẹ bébà kan jáde ní Agbowó kí oníbàárà fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, igbe àwọn oníṣòwò Illinois kì í ṣe asán pátápátá, n kò ní fi pamọ́. Ní 2023, ilé ẹjọ́ ibẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá tẹ ìka mọ́ ẹ̀rọ ni a óò máa ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ lọ́rùn. White Castle, àwọn tó ń ta bọ́gà, ní owó tí àwọn lè san lè lé ní $17 bílíọ̀nù. Ọ̀rọ̀ ti kọjá ìdájọ́, ó ti di ìparun. Àwọn aṣòfin tún un ṣe ní 2024, pé ẹ̀ẹ̀kan ni kí a kà á fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Kí tiwa bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ yìí kì í sọ. Obìnrin tó ń gbá ilé wa dé lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ kò dá a mọ̀. Ó yí gèlè sẹ́yìn, ó nu òógùn, ó tún dúró, iná pupa. Òjò ń rọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ní, "Ìyá, ẹ má bínú, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò bá gbà." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú kí ẹnìkan tó sọ̀kalẹ̀ wá ṣí i fún un. Kò yà mí lẹ́nu. Ní 2018, Joy Buolamwini, ọmọ àwọn ará Ghana tó wà ní MIT, àti Timnit Gebru yẹ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta wò, ẹ̀rọ tó ń wo ojú láti sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Àṣìṣe lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó tó mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lára èyí tó burú jù. Ẹ̀rọ ti dára sí i láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá 2023 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de àwọn ilé ìtajà oògùn Rite Aid fún ọdún márùn-ún pé wọn kò gbọdọ̀ lo irú rẹ̀ mọ́, nítorí pé ó ń pe àwọn oníbàárà tí kò ṣẹ̀ ní olè. Olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kó dé Ìbàdàn, ta ló yẹ ẹ́ wò lórí ojú tiwa?

Àwọn agbẹjọ́rò kan yóò ní iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀rọ̀ dátà. N kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ní kí òfin ìpínlẹ̀ má tako ti àpapọ̀. Kò ní kí ìpínlẹ̀ má fi ààbò kún ààbò fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí ẹnìkan bá rò pé bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó lọ bi ilé ẹjọ́. Ìbàdàn kò dúró de Èkó ní 1955 tí Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kò sì dúró dè é ní 1959 tí WNTV tàn.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tó wà ní Sẹkitéríàtì kò ju ojú ewé mẹ́rin lọ. Kí àkọlé tó ṣeé kà, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, wà níbi gbogbo tí ẹ̀rọ bá ti ń fi ojú dá ènìyàn mọ̀. Kí ìyọ̀ǹda jẹ́ ti ìwé, kí ẹni tó bá kọ̀ rí ọ̀nà mìíràn wọlé, ìwé àlejò tàbí káàdì, láìsí ìyà. Kí wọ́n pa ojú ẹni tó bá ti kúrò rẹ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Kí wọ́n má gba ti ọmọdé rárá. Èyí tó ṣe kókó jù: kí ẹni tí wọ́n bá rú òfin náà sí lè rìn wọ kóòtù májísíréètì ní Ìyágankú láìgba lọ́yà, kí ó sì gba ₦100,000, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, láìjẹ́ pé ó fi ọgbẹ́ hàn ẹnikẹ́ni. Èkó ti ní kóòtù fún irú ẹjọ́ kékeré bẹ́ẹ̀ láti 2018, kì í ṣe àràmàǹdà.

Mo kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń bójú tó ilé wa. Mo béèrè ohun mẹ́ta: ta ló ń tọ́jú ojú mi, fún ìgbà wo, báwo ni mo ṣe lè gbà á padà. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀ṣọ́ sọ fún mi lánàá pé wọ́n rí lẹ́tà náà gbà, pé ọ̀gá ní kí wọ́n bi mí bóyá mo ní nǹkan tí mò ń fi pamọ́ ni.